Ìlà Ọwọ́ Òsì

Ìlà ni mo wí, n kò pe ilá ọbẹ̀,
n kò sì pe ilà tí wọ́n kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá bàbá mi.
Ìlà tí pẹ́ńsùlù ń fà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá
ní yàrá ìsàlẹ̀, ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta,
níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ojú irin.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ṣówẹ̀mímọ̀ fi ya àwòrán fún Rélùwéè.
Rúlà rẹ̀ kì í purọ́.
Ìlà rẹ̀ a máa lọ bí ọmọ tí a rán níṣẹ́
tí kò yà síbì kankan wò.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ṣubú nílé ìwẹ̀.
Ìṣẹ́gun! Ẹ wo orúkọ ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun ẹni.
Ọwọ́ ọ̀tún sùn, kò jí mọ́.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Òun fúnra rẹ̀ ni bàbá,
ọwọ́ òsì náà ló sì kù.
Ní ìdájí, kí àwọn ará òkè tó tan jẹnẹrétọ̀,
á gbé pẹ́ńsùlù bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ,
á fa ìlà kan ṣoṣo.
Ìlà náà á gbọ̀n,
á dúró bí ẹni gbàgbé ohun tó wá rà,
á tún máa lọ.

Èmi Àbẹ̀jẹ́, onídìrí ni mí lẹ́yìn ọjà Òyìngbò:
kòlẹ́sẹ̀, ṣùkú, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀.
N kò mọ̀ ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ,
ọ̀kan kọjá lórí, ọ̀kan gba abẹ́,
ọ̀kan ń dúró de tirẹ̀.
Nígbà tí kàlẹ́ńdà fẹ́ bá ààtàn lọ,
mo ra òwú irun àgùntàn ní Balógun,
dúdú bí èédú, òmíràn bí omi ògì,
mo dì í gbọọrọ, mo ń rán an mọ́ra
bí ìlà ṣe rìn.

Irun àgùntàn, l'Ékòó, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà!
Ìyá Kúdírátì fi ìdí jókòó rẹ́rìn-ín:
"Àgùntàn pàápàá ń wá ẹni tó máa bá a bọ́ ẹ̀wù."
N kò fèsì. Òógùn ń kán sórí òwú.

Ìlà àkọ́kọ́, mo tọ́ ọ díẹ̀.
Díẹ̀ báyìí, bí ẹni tún kọ́là ẹ̀wù ọmọ ṣe.
Bàbá fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó yè tẹ ibẹ̀,
ó kọjú sí ògiri.
Odidi ọ̀sán ni mo fi tú ohun tí mo dì.

Obìnrin kan wá láti Ìkòyí,
ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń pa òun lẹ́sẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó dá iye tó tó owó ilé ọdún kan.
"Àbí ẹ lè bá mi na ibí yìí kó tọ́?"
Ibi tó fi ìka sí, oṣù Òkúdu ni,
òru tí àgbàrá wọlé, tí a gbé bàbá sórí tábìlì ìyàwòrán,
tí ilẹ̀ mọ́, tó ní ẹ bá òun wá pẹ́ńsùlù.

Mo wo bàbá. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.
Mo na ọwọ́ òsì sí ilẹ̀:
"Mà, ọ̀nà ilé bàbá mi nìyẹn. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ó lọ. Owó bá a lọ.
N kò ní purọ́, ó dùn mí;
onílé ti kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹní náà ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé.
Etí rẹ̀ kan kò tíì parí,
okùn mẹ́ta ń gbálẹ̀, n kò so wọ́n ní kókó.
Bàbá ní kí n ní sùúrù.
Ó ní bó bá di ọ̀la, bí ọwọ́ bá jí,
òun á fà á dé ẹnu ọ̀nà.